Ìdáhùn tọ̀nà, máàkì kò pé: bí ìdọ́gba méjì ṣe ń dán àwọn ọmọ wa wò ní Fordham

Bí ẹ bá gba Fordham Road kọjá láàárọ̀ nínú oṣù Kẹfà, ẹ ó rí àwọn ọmọ girama tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì Bx12, bírò lápò, ẹ̀rọ ìṣirò tó ń ya gíráàfù lọ́wọ́. Ìdánwò Regents ni wọ́n ń lọ ṣe. Ìjọba ìpínlẹ̀ New York ló ni ín, ó sì ti wà láti ọdún 1865. Nínú ti ìṣirò, Algebra I ni èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń kọ́kọ́ bá pàdé.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí a wà ní yunifásítì ní agbègbè yìí máa ń jókòó ti àwọn àbúrò wa lọ́jọ́ Sátidé ní Bronx Library Center, ilé-ìkàwé ńlá tó wà ní East Kingsbridge Road, ká lè jọ yẹ iṣẹ́ wọn wò. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń gbé wá, irú ìbéèrè kan ló ń padà wá jù lọ: ìdọ́gba méjì, iye méjì tí a kò mọ̀. Ní Nàìjíríà, simultaneous equations ni olùkọ́ ń pè é. Níbí, systems of equations ni. Orúkọ ló yàtọ̀, ìṣirò kan náà ni.

Ohun tí a ń rí níbẹ̀ ló mú wa kọ ìròyìn yìí. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé ló mọ ìṣirò náà dáadáa. Òmíràn á ti rí ìdáhùn kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ka ìbéèrè tán. Síbẹ̀, máàkì wọn kì í pé. Ìdí ni pé ohun tí ìdánwò kan ń béèrè kọ́ ni òmíràn ń béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdọ́gba kan náà ló wà nínú wọn. Ọmọ tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí á máa fi ọgbọ́n ìdánwò kan jókòó ṣe ìdánwò mìíràn.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà

Fún àwọn òbí tó ti pẹ́ tí wọ́n ti kúrò ní kíláàsì, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọjà. Ẹnìkan ra mọ́ínmọ́ín mẹ́ta àti àkàrà méjì, ó san dọ́là 19. Èló ni mọ́ínmọ́ín kan? A kò lè mọ̀. Ó lè jẹ́ dọ́là 5, kí àkàrà jẹ́ dọ́là 2. Ó lè jẹ́ dọ́là 4, kí àkàrà jẹ́ dọ́là 3 àti sẹ́ǹtì 50. Ó lè jẹ́ dọ́là 3, kí àkàrà jẹ́ dọ́là 5. Gbogbo rẹ̀ ló bá 19 mu.

Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ẹjọ́ ẹnìkan ni ìdọ́gba kan ṣe rí. Òótọ́ ló ń sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ rẹ̀ kò tó láti dá ẹjọ́. A ní láti pe ẹnìkejì. Ẹnìkejì ní ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan náà lòun ti rajà, mọ́ínmọ́ín kan àti àkàrà méjì, òun sì san dọ́là 9. Bí a bá fi m dúró fún iye owó mọ́ínmọ́ín kan, tí a fi a dúró fún iye owó àkàrà kan, ohun tí a ní nìyí:

3m + 2a = 19
m + 2a = 9

Àkàrà méjì ni ẹni àkọ́kọ́ rà, méjì náà ni ẹnìkejì rà. Bí a bá yọ ìdọ́gba ìsàlẹ̀ kúrò nínú ti òkè, àkàrà á pa rẹ́, á ku 2m = 10. Mọ́ínmọ́ín kan jẹ́ dọ́là 5. Ká wá fi 5 sí ipò m nínú ìdọ́gba kejì: 5 + 2a = 9. Àkàrà kan jẹ́ dọ́là 2. Ọ̀nà ìparẹ́ nìyẹn. Ìyọkúrò kò sì ṣàjèjì sí ẹni tó ń fi Yorùbá kà: 20 dín 4 ni ẹ̀rìndínlógún, 50 dín 5 ni márùndínláàádọ́ta.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹlòmíràn lè fẹ́ ọ̀nà ìfidípò. Á sọ pé bí m + 2a bá jẹ́ 9, a jẹ́ pé m jẹ́ 9 − 2a. Á wá gbé e lọ sínú ìdọ́gba àkọ́kọ́: 3(9 − 2a) + 2a = 19. Èyí á di 27 − 4a = 19, àkàrà á sì tún jẹ́ dọ́là 2. Ẹ̀kẹta ni yíya gíráàfù. Ìdọ́gba kọ̀ọ̀kan á di ìlà gbọọrọ kan lórí ìwé, ibi tí ìlà méjèèjì bá ti pàdé ni ìdáhùn wà.

Máàkì kan nínú mẹ́fà

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí Regents ń ṣe pẹ̀lú irú ìṣirò yìí. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2024 ni wọ́n ti ń lo ètò tuntun fún Algebra I. Ìbéèrè 35 ni, máàkì 82 ni gbogbo rẹ̀, wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fún ọmọ. Ìbéèrè 24 àkọ́kọ́ jẹ́ ti ká mú ìdáhùn kan nínú mẹ́rin, méjì-méjì sì ni máàkì wọn. Ìbéèrè 11 tó kù ni ọmọ máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, bírò ló sì máa fi kọ ọ́. Gíráàfù àti àwòrán nìkan ni wọ́n fi pẹ́ńsùlù ṣe.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn nìkan ní máàkì mẹ́fà. Ìbéèrè onítàn ló sábà máa ń jẹ́, ìdọ́gba méjì sì ti jẹyọ níbẹ̀ léraléra. Nínú ìlànà tó wà lókè ìpín náà ni wọ́n ti kọ ọ́ pé nọ́ńbà tó tọ̀nà tí kò ní iṣẹ́ lábẹ́, máàkì kan péré ló máa gbà. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ìdáhùn tọ̀nà, máàkì kan nínú mẹ́fà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti Ìbàdàn dé bá irú rẹ̀ pàdé nínú ìdánwò ìdánrawò. Ó ka ìbéèrè, ó ṣe é lórí, ó kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀, ó fa ìlà sí abẹ́ wọn, ó sì pa ìwé dé. Nọ́ńbà méjèèjì tọ̀nà. Nígbà tó rí máàkì kan, ó ní wọ́n rẹ́ òun jẹ ni. Ó pẹ́ kí ó tó gbà pé ìbéèrè náà kò sọ pé kí òun sọ èló. Ohun tó sọ ni pé kí ó kọ ìdọ́gba méjèèjì sílẹ̀, kí ó yanjú wọn, kí ó sì fi ẹ̀rí hàn.

Bí wọ́n ṣe máa ń gbé ìbéèrè náà kalẹ̀ nìyí. Àkọ́kọ́, kọ ìdọ́gba méjì tó bá ìtàn náà mu. Èkejì, ẹnìkan sọ pé iye báyìí-báyìí ni ọjà náà. Ṣé òótọ́ ni, ṣàlàyé. Ẹ̀kẹta, fi áljébrà wá iye tó jẹ́ gan-an. Ká ní ẹnìkan sọ pé mọ́ínmọ́ín tiwa lókè yẹn jẹ́ dọ́là 4, àkàrà sì jẹ́ dọ́là 3 àti sẹ́ǹtì 50. Ọmọ tó bá fi wọ́n sínú ìdọ́gba àkọ́kọ́ á rí 12 + 7, ìyẹn 19. Bó bá dúró síbẹ̀, á kọ "bẹ́ẹ̀ ni", á sì gba òdo. Nínú ìdọ́gba kejì, 4 + 7 jẹ́ 11, kì í ṣe 9. Ẹlẹ́rìí kejì ti kọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí a má gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ọmọ gbọ́dọ̀ máa wò: "algebraically". Bí ọ̀rọ̀ yẹn bá ti wà níbẹ̀, ẹni tó méfò títí tó fi bá ìdáhùn pàdé, tàbí tó wò ó lórí gíráàfù, kò lè gba máàkì tó pé. Inú rere Regents náà wà nínú ìlànà yìí kan náà. Ọmọ tó kọ gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, tó wá ṣi ìyọkúrò kan ṣe, máàkì kan ló sábà máa ń pàdánù. Wọ́n á rí i pé ó mọ ọ̀nà. Ẹni tó fi ọ̀nà pamọ́ tí ìdáhùn rẹ̀ sì tún ṣìnà, kò ní ohunkóhun tí wọ́n lè fún un ní máàkì lé lórí.

Ọwọ́ JAMB, ọwọ́ WAEC

Níbo ni àwọn ọmọ wa ti kọ́ ìyára yẹn? Ẹ wo ìdánwò JAMB tí wọ́n ń ṣe wọ yunifásítì nílé. Ìbéèrè 180 ni wọ́n ń dáhùn ní wákàtí méjì, 40 nínú rẹ̀ jẹ́ ti ìṣirò fún ẹni tó bá mú un. Bí a bá pín àkókò náà dọ́gba, ìṣẹ́jú-àáyá 40 ló kan ìbéèrè kan. Kọ̀ǹpútà ló ń máàkì rẹ̀, A, B, C tàbí D nìkan ló mọ̀. Ọmọ tó ń kọ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kò ní dé ìbéèrè ọgọ́rùn-ún.

WAEC kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè 50 tí ọmọ máa mú ìdáhùn wọn wà níbẹ̀ lóòótọ́, wákàtí kan àtààbọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìwé kejì, tí gbogbo wa mọ̀ sí theory, gba wákàtí méjì àtààbọ̀, iṣẹ́ inú rẹ̀ ni wọ́n ń máàkì. Nítorí náà, ọmọ tó kàwé ní Nàìjíríà ní ọwọ́ méjèèjì. Ọwọ́ JAMB ló kàn máa ń kọ́kọ́ nà jáde tó bá dé New York, nítorí òun ni wọ́n ti fi lẹ́sìnnì dá lẹ́kọ̀ọ́ jù. Ohun tí a máa ń sọ fún wọn ni pé: ojú theory ni kí o fi wo ìpín tó kẹ́yìn nínú Regents.

SAT ní tirẹ̀

Bí ọmọ bá wá ń múra yunifásítì sílẹ̀, ọ̀rọ̀ á tún yí padà. Láti oṣù Kẹta ọdún 2024 ni SAT ti di ti kọ̀ǹpútà pátápátá ní Amẹ́ríkà. Ìbéèrè ìṣirò 44 ni, ìṣẹ́jú 70 ni wọ́n fún un, wọ́n sì pín in sí ọ̀nà méjì, 22 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ bá ṣe ṣe dáadáa sí nínú ti àkọ́kọ́ ló máa pinnu bóyá ti kejì á le tàbí á rọ̀. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta ìbéèrè náà ló jẹ́ áljébrà, ìdọ́gba méjì sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ń wo iṣẹ́ ọmọ nínú SAT. Ìdáhùn nìkan ni. Ẹ̀rọ ìṣirò Desmos wà nínú ìdánwò náà fúnra rẹ̀. Ọmọ tó bá tẹ ìdọ́gba méjèèjì sí i á rí ibi tí ìlà méjì ti pàdé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọwọ́ JAMB wúlò níbí.

Àmọ́ SAT náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹ wo èyí: 5x + 3y = 29, 3x + 5y = 27. Kí ni x + y? Ọmọ tó bá ti rí ìdọ́gba méjì á bẹ̀rẹ̀ sí í wá x, á wá y, ìṣẹ́jú á máa lọ. Bẹ́ẹ̀ wọn kò béèrè x, wọn kò sì béèrè y lọ́tọ̀. Bó bá ro ìdọ́gba méjèèjì pọ̀, á rí 8x + 8y = 56. Pín in sí ọ̀nà 8, ó di 7. Ó tán. Ẹni tó ka ìbéèrè dé ìparí kí ó tó gbé bírò ló máa rí i.

Nígbà tí ìlà méjì kò bá pàdé

Ibì kan wà tí ẹ̀rọ kò ti lè ran ọmọ lọ́wọ́ tó bá jẹ́ pé ṣe ló há ọ̀nà sórí. Wọ́n á fún un ní 2x + 3y = 7 àti 4x + ky = 20, wọ́n á ní kí ó sọ iye k tí ìdọ́gba náà kò fi ní ní ìdáhùn rárá. Ọ̀pọ̀ á rò pé wọ́n tẹ ìbéèrè náà ṣì ni.

Ìlà méjì tó ń lọ ní ìbú kan náà, bí irin ojú ọ̀nà rélùwéè Metro-North tó gba Fordham kọjá, kò ní pàdé láéláé. Bí a bá sọ ìdọ́gba àkọ́kọ́ di ìlọ́po méjì, ó di 4x + 6y = 14. Bí k bá jẹ́ 6, ẹlẹ́rìí kan ń sọ pé 4x + 6y jẹ́ 14, ìkejì ń sọ pé 20 ni. Wọ́n ta ko ara wọn, kò sí ìdáhùn. Bó bá jẹ́ pé 14 ni ìkejì náà sọ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ẹnìkan náà ni wọ́n jọ ń sọ, a kò rí ẹlẹ́rìí kejì rárá, ìdáhùn á sì pọ̀ lọ láìlópin. Ọmọ tó bá lóye pé ẹ̀rí ni ìdọ́gba kì í bẹ̀rù irú ìbéèrè yìí.

Olùkọ́ kan ní Bronx

Àwọn òbí kan máa ń bi wá pé kí ló kan ìyà ọmọ pẹ̀lú x àti y. Ẹnìkan ti fi gbogbo ayé rẹ̀ dáhùn ìbéèrè yẹn, Bronx níbí ló sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́. Robert Moses ni orúkọ rẹ̀, Bob Moses ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ọ̀gá tó la àwọn títì ńlá New York o. Orúkọ ló pa wọ́n pọ̀. Harlem ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1935. Láti 1958 ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé-ìwé Horace Mann ní Riverdale, kò jìnnà sí Fordham, kí ó tó gba Mississippi lọ ní 1961 láti ran àwọn aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́ kí wọ́n lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Wọ́n lù ú, wọ́n tì í mọ́lé, kò padà. Lẹ́yìn náà ó kọ́ni ní ìṣirò ní orílẹ̀-èdè Tanzania fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní 1982 ló dá Algebra Project sílẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé bí ìwé ìdìbò ṣe jẹ́ ẹnu ọ̀nà fún àwọn tálákà Mississippi nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni áljébrà ṣe jẹ́ ẹnu ọ̀nà fún ọmọ tálákà nísinsìnyí. Ọmọ tí wọ́n bá ti sé áljébrà mọ́, wọ́n ti sé ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìṣègùn àti ètò ọrọ̀-ajé mọ́ ọn. Moses kú ní oṣù Keje ọdún 2021, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ṣẹ lójú wa ní yunifásítì lójoojúmọ́. Ibi tí iye tí oníbàárà fẹ́ rà àti iye tí oníṣòwò fẹ́ tà ti pàdé, tí wọ́n ń kọ́ ní ọdún àkọ́kọ́ nínú ètò ọrọ̀-ajé, ìlà méjì tó pàdé ni.

Ohun tí òbí lè ṣe

Àwọn kan ti gbọ́ pé Regents ń kásẹ̀ nílẹ̀. Òótọ́ ni pé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ New York kéde ètò pé bẹ̀rẹ̀ láti ọdún ẹ̀kọ́ 2027, ọmọ kò ní nílò láti yege nínú rẹ̀ kí ó tó gba dípúlọ́mà. Ṣùgbọ́n òfin ìjọba àpapọ̀ ṣì ní kí wọ́n dán ọmọ wò nínú ìṣirò ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní girama. Bákan náà, láti ìgbà àrùn Kòrónà ni ọ̀pọ̀ yunifásítì, Fordham pẹ̀lú, kò ti fi SAT ṣe dandan mọ́. Ìdánwò lè yí padà. Kíláàsì tí ọmọ máa wọ̀ lẹ́yìn náà kò yí padà.

Òbí tí kò rántí áljébrà mọ́ lè ṣe ohun mẹ́ta. Èkíní, kí ó ní kí ọmọ ka ìbéèrè náà sí òun létí, kí ó sì fi Yorùbá sọ ohun tí wọ́n ń béèrè. Bí kò bá lè sọ ọ́, kò tíì yé e. Èkejì, àwọn ìbéèrè Regents àtẹ̀yìnwá wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ìwé tí àwọn olùkọ́ fi ń máàkì wọn. Kí ọmọ ṣe ọ̀kan, kí ó sì fi ìwé yẹn máàkì ara rẹ̀. Á rí ibi tí máàkì ń sá lọ. Ẹ̀kẹta, bí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tíì já geere, kí òbí lọ bá ilé-ìwé kí ọjọ́ ìdánwò tó pé. Wọ́n ń tẹ ìdánwò yìí ní èdè Sípáníìṣì àti ti Ṣáínà pẹ̀lú àwọn mìíràn, Yorùbá kò sí níbẹ̀. Àmọ́ wọ́n máa ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àfikún àkókò àti àǹfààní láti lo ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ elédè méjì. Ẹni tí kò béèrè lè má rí i gbà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin Ìbàdàn yẹn ṣì ń yára bí iná. Kò sẹ́ni tó ní kí ó fà sẹ́yìn. Ohun tó kàn yí padà ni pé ó ti ń kọ ìlà mẹ́rin sí abẹ́ ìdọ́gba rẹ̀ kí ó tó kọ ìdáhùn, ó sì ń padà fi ìdáhùn náà han ẹlẹ́rìí méjèèjì. Ìlà mẹ́rin yẹn kì í gbà tó ìṣẹ́jú méjì. Máàkì márùn-ún ló wà nínú wọn.